Sìdíkátù, Má Jẹ́ Kí Aláìsàn Dúró Lásán

Abúlé Òkúta, Bàrígà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Sìdíkátù Àníkẹ́, ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ó sì dì í mú títí mo fi ti mọ́sáláṣí dé, nítorí ó ní ẹnu mi ni òun ti fẹ́ gbọ́ ọ. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti fi ìwọ nọ́ọ̀sì ṣe olórí ẹ̀ka tí àwọn aláìsàn ti ń rí dókítà kí wọ́n tó padà sílé, ó ní kí n dúró ná. Ó dìde, ó lọ sọ ọ́ fún ìyá tó ń gbé yàrá kejì, kó tó wá jókòó kí n máa kà á lọ. Ayọ̀ ńlá ni fún wa. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo tún ìwé náà kà lẹ́ẹ̀kẹta, èmi nìkan, láìgbóhùn sókè, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dúró sí ojú kan. O ní láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni èrò ti ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, pé àwọn mìíràn kì í kúrò níbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. O ní ohun mẹ́ta lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: wàá tọrọ bẹ́ńṣì sí i kí àwọn èèyàn lè ríbi jókòó, òṣìṣẹ́ tó bá fiṣẹ́ falẹ̀ yóò gba ìwé kúẹ́rì, wàá sì fi ọkùnrin kan tó lágbára sẹ́nu géètì kó máa to èrò. Àníkẹ́, ìwọ lo kàwé. Ìwé mẹ́fà péré ni èmi kà. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe pótà, tí mo ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, tí mo ń gbé fáìlì, tí mo ń gbé ìgò ìtọ̀ àti ìgò ẹ̀jẹ̀ káàkiri ilé ìwòsàn wa ní Ṣómólú. Kò sí dókítà tó rin ilé náà tó mi. Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ọ nínú ohun tí ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò sọ fún ọ rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Fi sùúrù kà á.

Èkínní, má tíì tọrọ bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì kì í dín ìdúró kù. Ojú àwa òṣìṣẹ́ ló máa ń tù. Ẹni tó wà lórí ìdúró, a kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, kì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé rẹ̀. Kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń dúró dè. Bí ó ṣe yé mi nìyí.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ọ́ nígbà náà. Ọ̀dọ́ ni èmi, mo sì ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n pótà. Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò wà lẹ́yìnkùlé pátápátá, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláboyún wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá káàdì. Àwọn pótà tó ṣáájú mi máa ń gbé ìgò kan tàbí méjì lọ, wọ́n á padà wá gbé òmíràn. Mo ní, kí ni wọ́n ń pa ara wọn sí? Mo wá àwo ńlá kan tó ń gba ìgò mẹ́wàá, mo sì máa ń dúró kó kún kí n tó gbéra. Ìrìn mẹ́wàá di ẹyọ kan. Métírọ́ọ̀nù ìgbà náà yìn mí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Súlè, o mọṣẹ́." Mo gbé ìyìn náà délé, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá láti Ìlàjẹ, lọ́dọ̀ àwọn apẹja létí ọ̀sà. Ìyá Ẹbùn ni wọ́n ń pè é, nítorí Ẹbùn lorúkọ ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ bí. Oyún kejì ló gbé wá, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ìgò tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ àwo mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, èrò ò pọ̀, àwo náà ò sì tètè kún. Mo gbé e sórí tábìlì, èmi àti ọlọ́dẹ ẹnu géètì tó sá òjò wọlé jókòó nítòsí rẹ̀, àgbàdo sísun là ń jẹ.

Ó wá bá mi níbẹ̀. "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èsì mi ti dé?"

Mo ní, "Ẹ lọ jókòó, màmá. Wọ́n á pè yín."

"Orí ń fọ́ mi gan-an ni. Mo sì fi ẹja sórí ààrò nílé. Ìyá ọkọ mi nìkan ló wà nídìí ẹ̀, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́."

"Mo ní wọ́n á pè yín."

Ìgò rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí. Bí mo bá na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ó tún jókòó fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó bọ́ sínú òjò, ó lọ.

Nígbà tí àwo kún, mo gbé e lọ sí láàbù. Ọ̀gbẹ́ni Kúyẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀ náà: kì í tan sítóòfù tó fi ń se ìtọ̀ wò bí ìgò ò bá pé ogún. Nítorí náà, ìgò àkọ́kọ́ dúró de ìkẹwàá lọ́dọ̀ mi, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì tún dúró de mẹ́wàá mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó kan ìgò Ìyá Ẹbùn. Ohun tí Kúyẹ̀ rí mú un sáré jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ta ló ni èyí? Kò gbọdọ̀ lọ sílé o! Gìrì lè mú obìnrin yìí nígbàkigbà!"

Ó ti lọ. A wo káàdì rẹ̀, "Ìlàjẹ, Bàrígà" nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnìkan wá a lọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé e wọlé, gìrì ti mú un. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Wọ́n rí ìyá gbà là. Ọmọ ò yè.

Métírọ́ọ̀nù pè wá jọ. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè, nọ́ọ̀sì ní gbàrà tí obìnrin náà dé ni òun ti gba ìtọ̀ rẹ̀. Ó bi Kúyẹ̀, Kúyẹ̀ ní bí òun ṣe yẹ̀ ẹ́ wò tán ni òun sáré jáde. Ó bi mí, mo ní mo gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà gan-an. Sìdíkátù, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa. Gbogbo wa la sọ òótọ́, ọmọ sì ti kú. Kò sẹ́ni tó béèrè iye wákàtí tí ìgò náà fi jókòó láàárín ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Mo dákẹ́. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ gbé ọ lé mi lọ́wọ́, mo dá ọ padà fún un, mo ní ọwọ́ mi dọ̀tí.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀ka rẹ ti ń ṣàìsàn, má wo ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Wo àárín ọwọ́ sí ọwọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ni ín, iṣẹ́ láàbù ní ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ìdúró ò ní ẹni tó ni ín. Bí o bá sì rí òṣìṣẹ́ tó ń kó nǹkan jọ kó lè pọ̀ kó tó ṣe é, yálà fáìlì ni, yálà ìgò ni, yálà ìwé oògùn ni, má yìn ín bí wọ́n ṣe yìn mí. Ìsinmi tó rò pé òun ń fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ara aláìsàn ló ti ń yọ ọ́.

Èkejì. Lẹ́yìn ọ̀ràn náà, mo sọ àwo ńlá yẹn nù. Mo ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan lọ bó ṣe ń jáde, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, nǹkan á yá. Lọ́jọ́ tí mo bá gba ìsinmi, àwọn pótà yòókù á tún wá àwo ńlá mìíràn. Ohun rere tí o bá ń dá ṣe láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí o bá relé ló ń bá ọ relé. Ó tún kù síbẹ̀. Àánú wá gbé mi wọ inú àṣìṣe mìíràn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá jọ ti Ìyá Ẹbùn lójú mi, màá yọ fáìlì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, màá fi í sókè. Mo rò pé mò ń san ẹ̀san ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kan, bàbá bíríkìlà kan tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ rí mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti wà níbí kí ìyàwó yẹn tó dé. Ta ló fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò máa yan ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, aláboyún ni."

"Mo rí i. Ṣé o bi èmi léèrè ohun tó ń ṣe mí?"

Mi ò bi í. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀, ọgbẹ́ náà ti dúdú, ó sì ti ń rùn. Òun ló yẹ kó wọlé ṣáájú gbogbo wọn. Aláboyún yẹn, ara rẹ̀ le koko, ó kàn wá gba oògùn tó máa ń lò ni. Mo kọ́ ọ níbẹ̀ pé ojú àánú kì í mọ ẹni tó ń kú lọ. Ẹni tó béèrè ló ń mọ̀ ọ́n. Fi nọ́ọ̀sì tó ti gbó nínú iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, kó máa bi olúkúlùkù léèrè bó ṣe ń wọlé: kí ló ń ṣe yín, láti ìgbà wo? Kí ẹni tí tirẹ̀ le jù wọlé ṣáájú, kí gbogbo èrò sì mọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Àwọn èèyàn máa ń gbà kí ẹlòmíràn ṣíwájú àwọn bí wọ́n bá mọ ìdí. Ohun tí wọn kì í gbà ni kọ̀rọ̀. Ọkùnrin alágbára tí o fẹ́ fi sẹ́nu géètì yẹn, jọ̀ọ́, wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ ìwé kúẹ́rì ló kù. Èyí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló mú kí n jókòó kọ̀wé.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni Dókítà Ọ̀ṣúnkọ́yà dé sí ilé ìwòsàn wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, òkè òkun ló ti dé. Ẹ̀rù ba gbogbo wa, a ní kúẹ́rì á máa fò bí eṣú. Lọ́jọ́ kejì tó dé, èmi ló ránṣẹ́ pè. Mo ní ó parí. Ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Ó dìde fún mi. Ó ní, "Bàbá Sìdí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rin ilé yìí jù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú mi rìn."

"Ibo lẹ fẹ́ lọ, Dókítà?"

"Ibi tí aláìsàn bá ń lọ. A máa mú ẹnìkan láti géètì, a ò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi padà sí géètì."

Obìnrin aránṣọ kan la bẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó gbà ká máa tẹ̀ lé òun. Aago méje ló wọlé. Dókítà Ọ̀ṣúnkọ́yà bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó di aago mọ́wọ́, ó mú ìwé pélébé dání, ó sì jókòó ti aránṣọ náà lórí bẹ́ńṣì bí ẹni tí òun náà wá gbàwòsàn. Wọ́n béèrè orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin. Ó kọjá níwájú ilé ìdáná lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó lọ gba òǹtẹ̀ lórí ìwé níbi tí wọ́n ti ní kó padà lọ gba òǹtẹ̀ mìíràn. Aago méjì kọjá kó tó jáde. Nígbà tí Dókítà ro gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹnìkan fi wò ó, tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ tàbí tí wọ́n fi fọwọ́ kan án, kò tó ààbọ̀ wákàtí. Gbogbo ìyókù, ìdúró àti ìrìn lásán ni. Lójú mi, omi lé sójú Dókítà yẹn. Èmi tí mo ti ń rìn ín láti ọdún pípẹ́, n kò rò ó papọ̀ rí.

Ó pe ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ṣàlàyé pé òun rí ọgbọ́n kan níbi tí òun ti kàwé, pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò nílẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ ń lò ó: wọn kì í jẹ́ kí nǹkan kan dúró lásán láàárín ẹni tó gbé e sílẹ̀ àti ẹni tó máa gbà á, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì lè ní kí iṣẹ́ dúró bó bá rí àléébù.

Kúyẹ̀, tórí rẹ̀ ti funfun nígbà náà, dìde. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ o, àbí aláìsàn ti di mọ́tò ni?"

Dókítà ní, "Rárá, Bàbá. Mọ́tò tó bá dúró kì í jẹ̀rora. Ènìyàn ń jẹ ẹ́. Ìdí tó fi yẹ kí tiwa yá ju tiwọn lọ nìyẹn." Ó wá wo gbogbo wa. "Mi ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ń dá aláìsàn dúró lọ́dọ̀ olúkúlùkù yín ni mò ń béèrè."

Olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àníkẹ́, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ò tilẹ̀ purọ́, mo kàn dákẹ́ ni, síbẹ̀ ó bá mi. Mo rí ara mi lórí ìdúró. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwo ńlá náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tó wá láti Ìlàjẹ, mo sọ ọ̀rọ̀ àgbàdo, mo sọ ọ́ tán. Mo rò pé wọ́n á ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Kúyẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Èmi náà ń dúró kó pé ogún. Mo ṣì ń ṣe é di òní." Ìyá tó wà ní yàrá káàdì ní òun náà máa ń kó fáìlì jọ di òkìtì kí òun tó pe ẹni tó máa gbé e. Ẹni tó ń pín oògùn sọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Dókítà Ọ̀ṣúnkọ́yà ò kọ kúẹ́rì fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Sìdí. Ẹ ṣé gbogbo yín. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ṣé ó yé ọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí o fi ìwé kúẹ́rì sílẹ̀ ná? Ká ní ó fi í bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ni ì bá tún sọ òótọ́ bíi ti ọjọ́ Métírọ́ọ̀nù: "Mo gbà á, mo gbé e, mo yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ara rẹ̀ ló máa ń dáàbò bò, kì í ṣe aláìsàn.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kéré. Ọjọ́rú nìkan, ọjọ́ àwọn aláboyún. Nígbà tá à ń wí yìí, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí lójú ẹsẹ̀. A ò nílò sítóòfù Kúyẹ̀ mọ́. A gbé tábìlì kékeré síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń wọn aláboyún, kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ wò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dàrú. A ò bi obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ léèrè. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbé omi gbà la gbé tábìlì dí. Omi dà sílẹ̀, ìgò fọ́, ó pariwo mọ́ wa. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ fi ibi tí ká gbé e sí hàn wá." Obìnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kà sí. Ibẹ̀ ló wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Máa gbìyànjú nǹkan kékeré, kó lè jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ẹ lè tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí o sì máa bi ẹni tó ń fọ ilẹ̀ léèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, a pín àkókò. A ní kí àwọn kan wá láàárọ̀, kí àwọn kan wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, dípò kí gbogbo wọn jọ dé ní ìdájí. Àwọn èèyàn ò gbà wá gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ wá. Ẹni tí a ní kó wá láago kan ṣì ń dé láago mẹ́fà. Aránṣọ ọjọ́sí ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó dé ní àkókò tirẹ̀, kò pẹ́ tó fi jáde, ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń sọ fún àwọn tó ń wọlé pé, "Òótọ́ ni o, òótọ́ ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lọ. Bó o bá fún èèyàn ní àkókò, pa á mọ́ bí ìlérí. Ẹ̀ẹ̀kan tó o bá yẹ̀ ẹ́, inú òkùnkùn ìdájí ni wọ́n máa padà sí.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí ṣe pàtàkì: nígbà tí ìgò ò rìn mọ́, ẹ̀rù ba àwa pótà pé wọ́n á dá wa dúró. Dókítà ní iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò ní bọ́ nítorí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó fi wá sẹ́nu géètì, a ń mú àwọn arúgbó àti àwọn tí kò mọ ìwé kà lọ síbi tó yẹ kí wọ́n dé, láìjẹ́ kí wọ́n ṣìnà. Bí àtúnṣe rẹ bá gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnìkan, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa dẹ́kun bíbá ọ sọ òótọ́.

Wàyí o, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìpàdé yẹn, nígbà tí tábìlì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn ṣì wà láyé?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Dìde, ká lọ wò ó." Bá a ṣe lọ sí Ìlàjẹ lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn. A béèrè Ìyá Ẹbùn, wọ́n fi í hàn wá nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Ó ní kí ni mò ń ṣe, kí n dìde. Mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni brọ̀dá ọjọ́sí."

Mo ní, "Èmi ni."

"Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí, òní ni mò ń gbọ́ ọ. Ohun tí mo rántí ni pé mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò gbójú sókè wò mí."

Ìyá rẹ lọ dúró tì í, ó ń bá a yí ẹja. Nígbà tó ṣe, Ìyá Ẹbùn bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń jẹ́ kó pọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ?"

Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ṣàlàyé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ń béèrè bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Ó wá ní, "Ẹbùn lóyún. Ó ti wọ oṣù kẹfà. Ó ní òun á wá síbẹ̀, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ fojú yín wò mí, kẹ́ ẹ sọ bóyá kó wá."

Mo gbé ojú sókè, mo wò ó. Mo ní, "Kó wá."

Ẹbùn wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, òun àti ìyá rẹ̀. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, èsì ìtọ̀ rẹ̀ ti wà lórí káàdì. Mi ò gbé ìgò kankan fún un, nítorí kò sí ìgò tí ẹnikẹ́ni ń gbé mọ́. Ó bí ọmọkùnrin nígbà tí àsìkò tó, ara òun àti ọmọ dá ṣáṣá. Ìyá Ẹbùn ò sọ fún mi pé òun dárí jì mí, èmi náà ò bi í. Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í tọrọ, Àníkẹ́. Iṣẹ́ la kàn ń ṣe.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, kí o má ṣe fi tíì nìkan dúró, kí o sì rọra bá àwọn tó dàgbà jù ọ́ lọ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ń ṣàdúà fún ọ ní gbogbo ìrun márààrún. Ọlọ́run yóò fi ọ́ ṣe ọ̀nà àbáyọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò ní fi ọ́ ṣe ìdènà wọn.

Nígbà tí o bá dá èsì ìwé yìí padà, má sọ fún mi iye èèyàn tí ẹ wò, má sì sọ iye bẹ́ńṣì tí wọ́n fún yín. Ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ kọ ọ́, bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ, jókòó láàárín wọn lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ẹni tó dúró pẹ́ jù lọ́jọ́ náà, àti ohun tí ó dúró dè.

Èmi bàbá rẹ,
Súlè Àkànbí.